Kí ẹ tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ fa gẹ́èjì ọ́ìlì yọ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́ta láti ojú ìwé yìí wọ ọkọ̀ oníjókòó mẹ́sàn-án ní Bohicon, à ń bọ̀ ní Savalou. Oníjókòó mẹ́sàn-án ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ àwa mọ́kànlá la wà nínú rẹ̀, a ò ka ọmọ ọwọ́, a ò ka adìyẹ. A kọjá Ìdáàṣà, a ò tíì dé Logozohè, ni ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Awakọ̀ wa gbé ohùn rédíò sókè. Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ kú síbẹ̀, lójú títì, lálẹ́, láìsí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Djougou sì ń ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ìjì. Ìyá àgbà kan láti Akpassi ló kọ́kọ́ pariwo pé kí gbogbo wa bọ́ sínú koríko. Òun ló gbọ́n jù nínú wa.

A tan iná fóònù, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a fa gẹ́èjì ọ́ìlì yọ. Ó gbẹ táútáú. Kò sí ọ́ìlì lórí rẹ̀, àní bí ẹni fi orí ìka kàn án. A bi awakọ̀ pé ìgbà wo ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló ń wa ọkọ̀.”

Nítorí gbólóhùn yẹn la ṣe jókòó kọ èyí.

Ẹni tó ń wa bààlúù kékeré kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó gba Ọlọ́run gbọ́ jù wá lọ, bóyá kò gbà á gbọ́ rárá, ohun kan náà ló máa ṣe láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wa ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní pápá bààlúù, ojú rẹ̀ ló fi rí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe bààlúù ńlá tó ń gbé èrò lọ sí Mẹ́kà la ń wí. Kékeré yìí, oníjókòó mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, fáànù rẹ̀ wà níwájú bí imú. Cessna 172 ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn láyé. Láti 1956 tí wọ́n ti ń tà á, èyí tí wọ́n ti ṣe ti ju 40,000 lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Písítìn mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, ẹsáǹsì ló ń mu, ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí irin rẹ̀ máa lọ geere, bíi ti Peugeot tó wà ní gáréèjì wa gan-an. Nílé wa níbí náà, bààlúù kékeré wà lára ohun tí African Parks, tó ń bójú tó ọgbà ẹranko Pendjari láti 2017, fi ń ṣọ́ igbó. Ṣábẹ̀ẹ́ tó wà nítòsí wa yìí náà ní pápá tí irú rẹ̀ lè balẹ̀ sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó la gbé wá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe láàárọ̀. Kí oòrùn tó mú, á mú ìwé lọ́wọ́, á yí bààlúù náà ká. Kì í ṣe orí ló fi ń rántí. Ohun tí ìwé bá wí ló ń ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, á fa gẹ́èjì ọ́ìlì yọ, á fi àkísà nù ún mọ́ tónítóní, á tì í bọ ibẹ̀ padà, á tún fà á yọ, ìgbà yẹn ló tó kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o. Ẹni tó bá kà á lẹ́ẹ̀kan láìnù ún, ọ́ìlì tó ta sí i lára lánàá ló ń kà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 172S nínú àwọn Cessna yẹn ń gba ọ́ìlì bíi lítà 7 àbọ̀. Ìwé rẹ̀ sọ pé bí ọ́ìlì náà bá ti wálẹ̀ ju bíi lítà 5 lọ, kò gbọ́dọ̀ gbéra. Kò sí “bóyá” nínú rẹ̀. Kò sí “ibi tí à ń lọ ò jìnnà” nínú rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ wa jù nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá bù ú kún lánàá, tó tún bù ú kún lónìí, ìwé á sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì yìí ti ń mu ọ́ìlì ju bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀ lọ. Á wá bi ara rẹ̀ léèrè: ibo ló ń gbà lọ? Ṣé ó ń jò sílẹ̀ ni? Á tẹ̀ ba, á wo ikùn bààlúù náà. Ṣé inú ló ti ń jó o? Á pe mẹkáníìkì. Awakọ̀ tiwa tó bá tiẹ̀ ń bu ọ́ìlì kún, ó kàn ń bù ú kún ni. Bí ẹ bá bi í pé lítà mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀ mu lóṣù tó kọjá, á rò pé ẹ fẹ́ bá a jà.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, ẹsáǹsì ló kàn. Aago tó wà níwájú rẹ̀ lè sọ pé táǹkì kún, kò gbà á gbọ́. Á gun àkàsọ̀, á ṣí ìdérí táǹkì lórí apá bààlúù, á ti ọ̀pá tí wọ́n fàlà sí lára bọ inú rẹ̀, á wo ibi tó rin dé. Á tún sọ̀ kalẹ̀, á mú ife kékeré kan tó mọ́ gaara, á ti ẹnu rẹ̀ sí abẹ́ apá, á fa ẹsáǹsì díẹ̀ sínú rẹ̀. Ojú ihò bẹ́ẹ̀ tó wà lára 172S jẹ́ 13, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fà wò. Á gbé ife náà sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Omi ló ń wá. Omi wúwo ju ẹsáǹsì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí, bí omi ṣe ń jókòó sábẹ́ epo nínú ìkòkò. Bó ṣe ń tutù lóru, ìrì máa ń dì sára táǹkì láti inú, á sì kán sínú ẹsáǹsì láìsí ẹni tó bù ú sí i. Ó ń wá ìdọ̀tí pẹ̀lú. Ó ń wo àwọ̀: ẹsáǹsì tí wọ́n sábà ń rọ sí bààlúù bẹ́ẹ̀, aró búlúù ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, kí ojú lè tètè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí karosíìnì tí bààlúù ńlá ń lò. Bí ẹnì kan bá fi àṣìṣe rọ karosíìnì yẹn sí i, ẹ́ńjìnnì lè tan, ó lè gbé e kúrò nílẹ̀ pàápàá, kó tó wá kú mọ́ ọn lára lókè.

Ọ́ìlì bíréèkì náà ń bẹ nínú ètò yẹn. Pupa ni tiwọn. Bí ó bá rí ohun pupa tó kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ti mọ̀ pé ibì kan ń jò, kò sì ní gbéra lọ́jọ́ náà. Táyà ńkọ́? Ó ń wò ó. Gíláàsì iwájú ńkọ́? Ó ń nù ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju ìdá mẹ́rin wákàtí lọ, tàbí ogún ìṣẹ́jú. Bó bá sì balẹ̀ síbì kan tó tún ra ẹsáǹsì, á tún mú ife rẹ̀, á tún fà á wò.

Kò sí ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí èrò tó ń wò ó. Ó lè jẹ́ òun nìkan àti ẹyẹ ló wà ní pápá náà. Òfin wà lóòótọ́, àmọ́ òfin ò sí níbẹ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí. Ẹ̀mí tirẹ̀ ló ń ṣọ́. Ìbéèrè wa rèé: awakọ̀ tó gbé wa láti Bohicon, ṣé ẹ̀mí tirẹ̀ ò sí nínú ọkọ̀ náà ni? Ìjókòó tó ṣáájú tiwa ló wà. Bí akẹ́rù bá gbá wa, òun ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Ẹ má sì rò pé ìfẹ́ ìwé ló mú kí wọ́n máa ka ìwé kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀jẹ̀ ló bí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, 1935, ní Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Boeing gbé bààlúù ńlá tuntun kan jáde kí àwọn ológun lè rí i. Model 299 ni wọ́n ń pè é, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní. Ọ̀gágun Ployer Hill ló wà á, kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Ìdè kan wà tí wọ́n máa ń fi de ìrù bààlúù náà nílẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n gbàgbé láti tú u. Bààlúù náà gbéra, ó gbójú sókè jù, ó já wálẹ̀, ó gbiná. Hill kú. Leslie Tower tó jẹ́ ti Boeing náà kú lẹ́yìn náà. Àwọn kan sọ pé bààlúù yẹn ti pọ̀ ju ohun tí orí ènìyàn kan lè kó. Àwọn tó kù ò wá ẹni tí orí rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé péńpé kan tí èèyàn á máa kà kó tó gbéra. Bààlúù kan náà ni wọ́n wá pè ní B-17, tí wọ́n sì ṣe tó ju 12,000 lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ní gáréèjì bá gbá àyà pé, “Mo ti ń wa ọkọ̀ láti ogún ọdún, ta ni yóò kọ́ mi?”, ọ̀gágun yẹn ni kí ẹ rántí. Òun náà mọ̀ ọ́n wà.

Ṣíṣàyẹ̀wò náà ò tó o, kéèyàn mọ ohun tó ń kà ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, 1983, bààlúù Air Canada kan fẹ́ lọ láti Montreal sí Edmonton. Ẹ̀rọ tó ń ka epo rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì ti ọ̀pá wò ó bó ṣe yẹ. Ìṣirò ló dà wọ́n: kìlógíráàmù 22,300 ni wọ́n nílò, pọ́n-ùn 22,300 ni wọ́n ní, èyí tí kò tó ìdajì. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lókè. Ọgbọ́n awakọ̀ àti àánú Ọlọ́run ló gbé wọn sọ̀ sí pápá àtijọ́ kan ní Gimli, kò sì sí ẹni tó kú. A dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wo àwọn agbábọ́ọ̀lù Chapecoense ti Brazil. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, 2016, wọ́n ń lọ láti Bolivia sí Medellín ní Colombia. Nínú ìwé ìrìn àjò yẹn, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22 ni wọ́n kọ pé ọ̀nà náà yóò gbà. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22 náà ni epo tó wà nínú táǹkì lè gbé e. Kò sí ẹ̀kún kankan fún bí ojú ọjọ́ bá yí, fún bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró díẹ̀ lókè kí wọ́n tó balẹ̀. Wọ́n sì ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Nínú àwọn 77 tó wà nínú rẹ̀, 71 ló kú. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé mọ ohun tó kọ.

Ilé ńkọ́? Ta ló gbàgbé Kérésìmesì 2003 ní Kútọnu? Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, Boeing 727 tó ti Conakry wá, tó ń lọ sí Beirut àti Dubai, sáré lórí pápá Cadjehoun, kò lè gbéra dáadáa, ó gbá ilé kékeré kan lópin pápá, ó sì fọ́ sí etí òkun. Ó ju 130 ènìyàn lọ tó kú. A ò sọ pé ọ́ìlì ló pa wọ́n o. Ẹrù ni. Ìwádìí fi hàn pé ẹrù pọ̀ jù nínú rẹ̀, iwájú sì wúwo jù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wà á ò mọ iye tí bààlúù tiwọn wọ̀n. Ìyẹn la fi ń sọ pé àìwò ló ń pani. Bóyá ọ́ìlì lẹ ò wò, bóyá ẹsáǹsì, bóyá ẹrù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní òdìkejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn ará wa, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, 2013, bààlúù tó ń gbé òkú gómìnà Ondo tẹ́lẹ̀ rí, Olusegun Agagu, lọ sí Àkúrẹ́ já lulẹ̀ kété tó gbéra ní Èkó. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ohùn ìkìlọ̀ ti ń dún létí àwọn tó ń wà á kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń lọ. Awakọ̀ tiwa tó gbé ohùn rédíò sókè, ẹ sọ fún wa, kí ló fi yàtọ̀?

A mọ ohun tí ẹ ó kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ó ní bààlúù ń já láti òkè, mọ́tò kàn ń dúró lásán ni. Ṣé lásán ni? Mọ́tò tó dúró lójú títì lóru láìsí iná ni akẹ́rù ń wá gùn. Ẹ lọ bi àwọn tó ń gba Ìdáàṣà kọjá láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, 2023, tí bọ́ọ̀sì àti akẹ́rù forí sọ ara wọn níbẹ̀ tí ó lé ní ogún ènìyàn ṣòfò, bóyá ọkàn wọn máa ń balẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn lálẹ́. Bíréèkì ńkọ́? Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá pẹ́ nínú ọkọ̀, omi inú rẹ̀ á pọ̀, bíréèkì bá gbóná, omi yẹn á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á wọlé dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Bíi ọdún méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn awakọ̀ tí a bi, méjì péré ló mọ ibi tí agolo rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tiwọn.

Ẹ ó ní owó ò sí, ọ́ìlì ti wọ́n. Òtítọ́ ni, ó wọ́n. Wíwò ò wọ́n. Àkísà kan àti ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, iye tó ń náni nìyẹn. Omi rédíétọ̀, ojú lásán lẹ fi ń wò ó láàárọ̀ nígbà tó ṣì tutù (ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi jẹ ẹ́ o, a ti rí i ní Pira). Ẹ́ńjìnnì tó kú lọ́jọ́ yẹn, lítà ọ́ìlì méjì tàbí mẹ́ta ni ì bá gbà á là.

Ẹ ó sì ní Ọlọ́run. Ní ibí yìí, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. A ò bá Ọlọ́run jà, a ò sì bá àwọn tó ń gbàdúrà ní gáréèjì jà. Àwa náà máa ń ṣe àmín. Àmọ́ àgbẹ̀ tó gbàdúrà fún iṣu, ṣé kì í kọ ebè ni? Ìyá tó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ òun, ṣé kì í gbé ọmọ náà kúrò lẹ́bàá iná ni? Ní Bantè wa yìí, ẹni tó ní oko kájú máa ń gé koríko yí i ká kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó pè é ní aláìgbàgbọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni a fà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, tí a ò sì fi gẹ́èjì rẹ̀ ṣe nǹkan kan?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zém, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù yín kò ju bíi lítà kan lọ. Lítà kan, fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́ nínú oòrùn, tó ń gbé ènìyàn méjì àti àpò kájú! Bó bá fi ìdajì dín, kò sí ohun tó kù mọ́. Ẹlòmíràn ní ojú gíláàsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹ lè wò láìtilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kàn gbé alùpùpù dúró gangan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹsáǹsì kpayo tí ẹ ń rà lẹ́bàá títì, inú ìgò ló wà. Ẹ ronú sí i: awakọ̀ bààlúù ń fi owó ra ife gaara kó lè rí ìsàlẹ̀ ẹsáǹsì rẹ̀. Tiyín ti wà nínú ìgò gaara láti ọwọ́ ẹni tó ń tà á, lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tó ń gbé ìgò náà sókè wo ìdí rẹ̀ kó tó dà á sí táǹkì. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo lóṣù Karùn-ún 2023, tí kpayo fi gbówó lórí, owó ńlá lẹ ń san lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Omi lẹ ó máa fi owó yẹn rà?

A ò ní dárúkọ, àmọ́ a fẹ́ kí àwọn méjì kan gbọ́. Ẹni kìíní ni olówó ọkọ̀. Ìwọ tí o wà nílé, tí awakọ̀ ń mú owó ojúmọ́ wá bá lálaalẹ́, o mọ̀ pé bó bá dúró láti ra ọ́ìlì, nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló máa ti yọ ọ́, torí o ò ní dín ojúmọ́ rẹ. Ìwọ lo gbẹ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹni kejì ni àwọn tó ń gba owó lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gáréèjì. Wọ́n mọ ọkọ̀ tó kàn. Wọ́n mọ ẹni tí ò tíì san. Wọ́n lè di èrò kejìlá mọ́ àárín mọ́kànlá. Kò sí ìgbà kan rí tí wọ́n sọ fún awakọ̀ pé, “Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká rí i.” Bí a bá sọ ọ́, wọ́n á fi ìwé visite technique hàn wá. Ìwé yẹn dára, kí ìjọba má dá a dúró. Àmọ́ ọ́ìlì tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún un níwèé kọ́ ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ẹnì kẹta sì wà, àwa ni. Ta ló ń pariwo pé “Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú”? Ta ló ń fi èébú lé awakọ̀ tó fẹ́ dúró rọ omi sí rédíétọ̀? Lọ́jọ́ yẹn ní Bohicon, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta gan-an ló ń lu ara ọkọ̀ pé kó ká a nílẹ̀. A ti bá a wí. Ó ní ká kọ ọ́ síbí.

Awakọ̀ yẹn, ọmọ abúlé kan ní Bantè ni. Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, olówó ọkọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó máa san owó ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀. A pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó ń ru àpò kájú sínú akẹ́rù. Ó kí wa dáadáa. Kò sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run lọ́tẹ̀ yìí. Ó bi wá léèrè bí èèyàn ṣe ń ka gẹ́èjì ọ́ìlì, pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fà á yọ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́fà ló ti ń wakọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ rí.

Ọdún iṣu Savalou ń bọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀: àwọn ará Kútọnu, àwọn ará Paris, àwọn ìyá pẹ̀lú ẹrù iṣu, gbogbo wọn ló fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ 14, láti aago mẹ́fà ìdájí, a máa wà ní gáréèjì ní Bohicon pẹ̀lú àkísà funfun lọ́wọ́. Awakọ̀ tó bá fa gẹ́èjì rẹ̀ yọ níwájú èrò, tó nù ún, tó tì í padà, tó tún fà á yọ, a ó ya gẹ́èjì náà ní fọ́tò pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, bó bá gbà fún wa, a ó sì gbé e sójú ìwé yìí kí ẹ lè wá ọkọ̀ rẹ̀ wọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, a ò ní bá a jà, a ò ní ya fọ́tò rẹ̀. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ la máa wọ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú àkísà tiyín dání.